Ta ni fíìmù ní kó tún ìlú ṣe? Ọ̀rọ̀ lórí Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀

Aríran Bódìjà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi jókòó wo Ṣaworoidẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Òun kò wò ó rí, wọn kò tíì bí i nígbà tí Túndé Kèlání gbé e jáde ní 1999. Nígbà tó parí, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí èsì fún. Òun ni mo gbé wá síbí.

Fún ẹni tó bá ti gbàgbé: ní ìlú Jogbo, ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó bá ìlú mulẹ̀. Ìlù kan wà, ṣaworoidẹ, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí ìmùlẹ̀ yẹn. Bí ọba kò bá ṣe ètò náà, tó wá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù yẹn, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lapite kò gba gbẹ́rẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti mulẹ̀ kò ní lè fi oyè kó ọrọ̀ jọ. Tipátipá ló fi gorí ìtẹ́. Àwọn agégẹdú dé, wọ́n ń gé igbó ìlú tà, wọ́n ń kó owó fún ọba àtàwọn ìjòyè. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Lapite ránṣẹ́ sí sójà kan, Lagata, pé kó wá gba òun. Lagata dé, ó wo adé, adé wù ú, ó gbà á fún ara rẹ̀. Ìlù dún, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ṣubú, ó kú.

Ohun tí àbúrò mi béèrè ni pé: "Bí kò bá wá sí ìlù yẹn ńkọ́?"

Gbogbo wa la mọ irú ẹni tí Lagata dúró fún. Abacha kú ní oṣù kẹfà 1998, àwọn alágbádá gbàjọba ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999, ọdún yẹn náà sì ni fíìmù yìí jáde. Kò fi ẹ̀gbin pamọ́ fún ìjọba ológun. Ṣùgbọ́n tí a bá bi í pé kí ni ọ̀nà àbáyọ, ohun tó nà sí wa ni ìlù, gbẹ́rẹ́ àti ọmọ ọba tó ni oyè. Kò sí ibi tí ará ìlú ti yan ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti pe ọba lẹ́jọ́. Mo fẹ́ràn fíìmù yìí dọ́kàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fi ń dùn mí: ṣé kì í ṣe pé ó ti kọ́ wa ká jókòó máa retí ìlù?

---

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ kú iṣẹ́, Aríran. Ìbéèrè àbúrò yín jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bá yín jà díẹ̀.

Gbẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe oògùn lásán. Òfin ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ìtàn náà kì í kọ nǹkan láìnídìí. Ohun tó ń sọ ni pé agbára kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìsí àdéhùn, pé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wọ ọba lára, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Orí ọba gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Nínú Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, lè kọ ọba, wọ́n lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ kalẹ̀ fún un, ọba sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ pa ara òun nìyẹn. Ìmọ̀ ìṣèlú nìyẹn. Àwọn Òyìnbó kọ́ ló mú un wá.

Ohun kejì: ẹ rántí ìdí tí olórin àti eléré wa fi ń sọ ọ̀rọ̀ lówe. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, lórí aṣáájú tó ta àwọn èèyàn rẹ̀ fún ọ̀tá nítorí ipò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìjọba Akíntọ́lá mọ ara rẹ̀ nínú eré náà, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn. Ọdún 1966, nígbà tí Fájuyì dé gẹ́gẹ́ bí gómìnà ológun, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó ti rí irú ìyẹn, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sójà, yóò wá ìlú kan tí kò sí lórí máàpù, yóò pè é ní Jogbo.

---

Ìyá Ìbejì Mùṣín

Èmi ò mọ̀wé tó yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì Ṣaworoidẹ dé àdúgbò wa, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi la ti wò ó. Tẹlifíṣọ̀n kékeré ni, àwọn èèyàn kún ìta dé ẹ̀bá gọ́tà. Àwọn ọmọdé ń pariwo, àwọn àgbà ń jẹ àgbàdo. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde lọ ní oṣù keje 1993, nígbà tí wọ́n ń wọ́de nítorí June 12 tí àwọn sójà ń yìnbọn ní Èkó. Ọmọ yẹn kò padà wálé. Mama yìí kì í wo fíìmù, iyọ̀ ló wá rà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Lagata di orí mú, tó ń ta gìrọ́gìrọ́, gbogbo èèyàn hó yèè. Mama yẹn kò hó. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró dáadáa bí ẹni tó fẹ́ rìnnà àjò, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, láàárín àwọn ọmọdé. Kò dìde títí orúkọ àwọn òṣèré fi tán.

Ẹ̀yin ń bèèrè bí kò bá sí ìlù. Àwa mọ̀ pé kò sí ìlù. Ẹni tí kò rí ìdájọ́ níbì kankan rí i nínú fíìmù fún ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ má fojú tín-ín-rín ìyẹn.

---

Aríran Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ nǹkan kan.

---

Kétu lókè

Mo kí gbogbo yín láti Kétu, lápá Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Aríran, mo rò pé ohun tí ẹ ń wá ni pé ta ni fíìmù gbà gbọ́. Ibẹ̀ ni èrò ìṣèlú rẹ̀ ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bú kò nira láti dá mọ̀. Ẹ wo ẹni tó fi iṣẹ́ ìdáǹdè lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n fi Ousmane Sembène ti Sẹ̀nẹ̀gà ṣe àpẹẹrẹ, torí òun la fi dàgbà níbí. Nínú Xala (1975), àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú lé àwọn Faransé kúrò ní ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, ìlù ń dún, èèyàn ń jó. Kò pẹ́, àwọn Faransé kan náà padà wọlé pẹ̀lú àpò ìfàlọ́wọ́. Olúkúlùkù ṣí àpò tirẹ̀, owó ló kún inú wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pa àpò dé. Òmìnira ti tán nìyẹn! Ọ̀kan nínú wọn, El Hadji, ń fi omi inú ìgò tó ti òkè òkun wá fọ mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rama, kọ̀, kò mu omi náà, Wolof ló sì fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn bó ti ń bá a sọ Faransé.

Àwọn wo ló wá dá El Hadji lẹ́jọ́? Àwọn alágbe. Arọ, afọ́jú, àwọn tó ti ní kí ọlọ́pàá kó kúrò níwájú ọ́fíìsì òun. Wọ́n wọ ilé rẹ̀, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n ń tutọ́ sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni fíìmù dúró sí. Kò sí ọmọ ọba níbẹ̀.

Ní Ceddo (1977), ọmọ ọba wà lóòótọ́, obìnrin ni, Dior Yacine, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn pa ìmáàmù tó gba ìlú. Ìjọba Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà nígbà náà, fòfin de fíìmù yẹn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé "d" méjì ni Sembène fi kọ orúkọ rẹ̀, pé ẹyọ kan ni òfin àkọtọ́ ìjọba fọwọ́ sí. Torí "d" kan! Sembène kò yọ ọ́.

---

Sójà Rere

Gbogbo àlàyé yìí dáa o. Àmọ́ àwọn alágbádá tí ẹ ń dúró tì láti 1999, kí ni wọ́n ṣe fún wa? Ẹ wo Burkina Faso, ẹ wo Niger, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún sójà lójú títì. Èmi rò pé Lagata tó dáa ló kù tí Nàìjíríà nílò.

---

Ìyá Ìbejì Mùṣín

Sójà Rere, ọmọ mi, ẹ tún fíìmù yẹn wò. Ta ló ránṣẹ́ pe Lagata? Lapite ni. Ó ní kó wá bá òun gba adé padà. Ta wá ni Lagata kọ́kọ́ gba adé lọ́wọ́ rẹ̀? Lapite kan náà. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ méjì lórí ìyẹn.

---

Ọmọ Àyàn

Mo ti ń kà láti àárọ̀. Ìdílé onílù ni wọ́n ti bí mi, torí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ ìlù, torí ẹ ń pe ìlù bí ẹni pé òjò ni, tó ń rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣaworo ni àwọn idẹ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tí a so yí ojú ìyáàlù ká. Tí o bá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, kí o tó fi ọ̀pá kàn án rárá, bí o ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni ṣaworo ń dún. Kò sí bí onílù ṣe lè yọ́ rìn. Ẹni tó bá ń wá a yóò gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń fi aṣọ dì í tí wọ́n bá ń bọ̀ láti òde ìnáwó ní òru, kí àwọn adigunjalè má baà mọ̀ pé wọ́n ń kó owó bọ̀.

Ẹ wá rò ó pé ìlù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá kiri nínú fíìmù, tí ọba ń wá a láti pa ẹni tó ni ín. Ìdílé Ayangalu ló san owó òtítọ́ yẹn. Ìlù náà kò ní agbára kankan títí ẹnì kan fi gbé e kọ́rùn, tó jáde sí gbangba, níwájú sójà tó ní ìbọn. Nítorí náà, tí àbúrò yín bá béèrè pé bí kò bá sí ìlù ńkọ́, ẹ sọ fún un pé ìlù wà, onílù ni kó béèrè. Lójú tèmi, oníròyìn ni onílù. Òun ni ẹni tó lè sọ ọ́ jáde.

Ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù wa kò ju pé ohùn ìlù kan lè gba ọ̀rọ̀ méjì. Bàbá mi sọ fún mi pé ìlù tí rédíò máa ń fi ṣíde láyé àtijọ́, tó ń pe orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò, ohun tí àwọn ọmọ Ìbàdàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Ta lo fẹ́ mú? Ìlù ló dún. Ohun tí fíìmù Kèlání ṣe náà nìyẹn.

---

Àkànní Peckham

Ọmọ Àyàn, ẹ ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Lórí ohùn kan tó gba ọ̀rọ̀ méjì, ẹ jẹ́ n mú The Battle of Algiers wá, tí Gillo Pontecorvo ṣe ní 1966 lórí ogun òmìnira Àlùjẹ́ríà. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà fún ilẹ̀ wọn. Saadi Yacef tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìjà yẹn gan-an wà lára àwọn tó gbé e jáde, ó sì ṣeré nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́ta gé irun, wọ́n múra bí Faransé, wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú báàgì lọ síbi tí àwọn Òyìnbó ti ń gbafẹ́, kámẹ́rà kò sáré. Ó ń wo ojú àwọn tó fẹ́ kú. Ọmọ kékeré kan ń lá áísì-kirimù. Mo rántí ọmọ yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú fíìmù lọ.

Ìyẹn ni mo fi ń mọ fíìmù ìṣèlú tó dáa yàtọ̀ sí ìpolówó. Ìpolówó kì í jẹ́ kí o rí ọmọ yẹn.

Ẹ tún gbọ́: ní 2003, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì, àwọn ọ̀gá ológun wọn ṣàfihàn fíìmù yìí ní Pentagon. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n ń ni lára di ẹ̀kọ́ fún ẹni tó gbé ìbọn lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù kò lè tẹ̀ lé e délé gbogbo ẹni tó ń wò ó.

---

Aríran Bódìjà

Ẹ ti mú mi rìn jìnnà. Mo gba ti Ọmọ Àyàn pátápátá, n kò ro ti onílù rárá. Mo ń wo orí Lagata, n kò wo ọwọ́ ẹni tó ń lu ìlù.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ẹ̀hónú kan tó kù. Olùkọ́, ẹ ní gbẹ́rẹ́ jẹ́ òfin. Ó dáa. Òfin tó ń pa ẹni tó rú u fúnra rẹ̀, láìsí adájọ́, láìsí ẹ̀rí, ṣé irú òfin tí a fẹ́ nìyẹn? Ẹ sì mẹ́nu ba Ọ̀yọ́ Mèsì. Baṣọ̀run Gáà náà ọmọ Ọ̀yọ́ Mèsì ni, agbára tí wọ́n fún un láti fi ṣọ́ ọba ló fi ń pa ọba.

---

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ mú mi níbẹ̀. Àfi kí n fi kún un pé Adébáyọ̀ Fálétí tó kọ eré Baṣọ̀run Gáà ní 1972, òun kan náà ló ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ, àgbà tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba tó ń pa òwe mọ́ wọn lórí. Ọkùnrin náà mọ ohun tí àìníjàánu agbára ń fà lọ́nà méjèèjì. Fálétí fi wá sílẹ̀ ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. A ti pàdánù o.

Lórí ẹ̀hónú yín: ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rò pé ó mú Kèlání padà sí Jogbo ní 2002 pẹ̀lú Agogo Èèwọ̀. Ẹ wò ó. Lagata ti kú. Wọ́n fi ọba tuntun jẹ, Adebosipo, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé orí ọba nìkan ni wàhálà wà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò tán. Àwọn ìjòyè tó ń jẹun lábẹ́ Lapite, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹun lọ, wọ́n tún fẹ́ kí ọba tuntun bá wọn jẹ. Ẹ̀yin ẹ rántí 1999. A pààrọ̀ aṣọ, igbá tí wọ́n fi ń bu owó kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí Adebosipo fi ní kí gbogbo ìjòyè wá búra ní gbangba, kí wọ́n lu agogo èèwọ̀, agogo tó ń pa ẹni tó bá búra èké.

Nínú òfin Nàìjíríà ti 1999, ìbúra wà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ohun ìní wọn sílẹ̀. Ẹ mélòó lára yín ló ti rí ìwé ohun ìní gómìnà rẹ̀? Jogbo ní kí ìjòyè wá sọ ọ́ lójú ọjà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, kódà tí a bá yọ ikú kúrò níbẹ̀.

---

Kétu lókè

Bàbá Olùkọ́, òtítọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ikú ni kò jẹ́ kí n gba fíìmù náà tán. Àwọn ìjòyè tó parọ́ kú, ará ìlú tú ká lọ sílé. Àwọn agégẹdú ńkọ́? Wọ́n kò mulẹ̀, wọn kò búra, agogo kò mọ orúkọ wọn. Ẹni tó fún ìjòyè lówó ṣì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Sembène ì bá ti fi kámẹ́rà lé wọn lọ.

---

Ọmọ Àyàn

Háà. Ìyẹn le o. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé fífi agégẹdú síbẹ̀ rárá jẹ́ ìgboyà. Oṣù kọkànlá 1995 ni wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa nítorí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ilẹ̀ Ògóni. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń gé igi Jogbo lọ́dún 1999 mọ ohun tí igi yẹn jẹ́.

---

Ìyá Ìbejì Mùṣín

Ẹ jẹ́ n béèrè tèmi náà. Nígbà tí ìjòyè ń búra, àwọn obìnrin dà? Ọjà wà ní Jogbo. Ẹni tó bá ti gbé ní ìlú Yorùbá mọ̀ pé tí ìyálọ́jà bá ti pa ọjà, ọba yóò jáde wá bẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lu ìlù kan. Fíìmù méjèèjì kò lo agbára yẹn bó ṣe yẹ. Kèlání fi ọ̀dọ́mọbìnrin sáàárín Àrùgbá ní 2008, mo mọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹbọ ìlú ló ń rù. Mo fẹ́ rí obìnrin tó pa ọjà.

---

Àkànní Peckham

Ẹni tó bá lówó fíìmù lọ́wọ́ nínú yín, ẹ gbọ́ ohun tí ìyá sọ.

---

Aríran Bódìjà

Mo ka gbogbo èsì yín fún àbúrò mi lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ títí mo fi dé ibi ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì nípa mama tó wá ra iyọ̀. Ó ní òun fẹ́ tún apá ìparí wò. A gbé e padà sí ibi tí ìlù ti dún. Lọ́tẹ̀ yìí ó fọwọ́ bo apá tẹlifíṣọ̀n tí Lagata wà, ó ń wo àwọn èèyàn tó dúró lẹ́yìn, ó ń kà wọ́n.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, a máa wo Agogo Èèwọ̀. Ẹni tó bá lè wò ó lákòókò kan náà, kó wá kọ ohun tó rí síbí. Èmi yóò máa wá ibi tí àwọn agégẹdú wọlé sí, bí Kétu ṣe sọ.

---

Ìyá Ìbejì Mùṣín

Ẹ fi mí kún un. Mama yẹn ṣì wà láyé, ojú ti ń dùn ún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ti sọ fún un. Ó ní kí n wá mú òun ní aago méje, kí n má gbàgbé àga tó ní ẹ̀yìn.